Ìdílé Medici àti àga Póòpù: ta ló jèrè, ta ló jìyà?

Ọmọ Ìtàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí láìpẹ́ yìí pé owó ni ìdílé Medici ti Florence, ìlú kan ní ilẹ̀ Ítálì, fi ra àga Póòpù. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí èmi rí nínú ìtàn wọn ni pé ìjọ ló kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀ kí wọ́n tó gun orí àga ìjọ. Nígbà tí wọ́n sì gùn ún tán, ilé bàbá wọn ni wọ́n fi àga náà tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Giovanni di Bicci ló dá báǹkì Medici sílẹ̀ ní Florence ní 1397. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹ̀ka ní Venice, Geneva, Bruges àti London, ṣùgbọ́n ẹ̀ka Róòmù, èyí tó ń tẹ̀ lé Póòpù kiri, ló ń mú ju ìdajì èrè wọn wá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Bó ṣe rí nìyí: bí wọ́n bá yan bíṣọ́ọ̀bù tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Jámánì, ó gbọ́dọ̀ san owó ńlá fún Róòmù kó tó gba ìwé oyè rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Medici a bá a san án, ìwé oyè a sì wà lọ́wọ́ aṣojú báǹkì títí bíṣọ́ọ̀bù yóò fi san gbèsè. Ẹni tó bá ṣe agídí, ìjọ lè yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Báǹkì wo ló tún ní irú agbowó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn?

Giovanni tún mọ ènìyàn yàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Baldassarre Cossa, tó di Póòpù ní 1410 pẹ̀lú orúkọ John XXIII, nígbà tí ènìyàn mẹ́ta ń du oyè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìpàdé gbogbo ìjọ ní Constance rọ̀ ọ́ lóyè ní 1415, wọ́n sì tì í mọ́lé. Medici ló san owó ìtúsílẹ̀ rẹ̀. Florence ló kú sí ní 1419, ibojì rẹ̀ tí àwọn agbẹ́re Donatello àti Michelozzo ṣe ṣì wà níbẹ̀ nínú ilé ìrìbọmi ìlú náà dòní.

Ìbéèrè mi ni pé nínú àwọn Póòpù tí ìdílé yìí bí, ta lẹ rò pé ó ba nǹkan jẹ́ jù? Leo X ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Clement VII ni tèmi.

Oníṣòwò Dúgbẹ̀

Ọmọ Ìtàn, o ṣeun. Ohun kan ló ń rú mi lójú. Ìjọ ayé ìgbà náà ka owó èlé sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Báwo ni báǹkì ṣe wá ń jèrè lọ́dọ̀ Póòpù fúnra rẹ̀? Èmi tí mò ń ta aṣọ, n kò tíì rí ẹni tó ń yáni lówó lásán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, orí ṣíṣẹ́ owó ni wọ́n gbé e gbà. Bí oníṣòwò kan bá gba florin, owó wúrà Florence, lọ́wọ́ Medici, kì í ṣe florin ni yóò dá padà. Yóò kọ ìwé pé ní London, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, aṣojú òun yóò san owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún aṣojú Medici. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ florin ní ìlú méjèèjì kì í dọ́gba, inú ìyàtọ̀ yẹn sì ni èrè wà. Nítorí pé owó lè gòkè, ó sì lè já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìjọ gbà pé òwò ni, kì í ṣe èlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ lèyí tó kàn yóò yé jù. Álọ́ọ̀mù, òkúta tó ń mú kí aró di aṣọ mú, ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀ Yúróòpù. Ní nǹkan bí 1461 ni wọ́n rí i ní Tolfa, lórí ilẹ̀ Póòpù gan-an. Póòpù kéde pé kí Kristẹni má ra ti Tọ́kì mọ́, nígbà tó sì di 1466, Medici ló gba iṣẹ́ títa á. Ẹnu kan Póòpù lé oníbàárà wá, ọwọ́ kan Medici gba owó.

Bàbá Kátíkíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Medici àti Róòmù jọ ń jẹun pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Póòpù kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀tẹ̀ tí ì bá pa ilé Medici run.

Sixtus IV, ará ilé della Rovere, fẹ́ ra ìlú Imola fún Girolamo Riario, ìbátan rẹ̀. Ó ní kí Lorenzo de' Medici, olórí ilé Medici nígbà náà, yá òun lówó. Lorenzo fà sẹ́yìn, nítorí Florence náà ń wo Imola. Póòpù bá gba owó náà lọ́wọ́ ìdílé Pazzi, orogún Medici nídìí báǹkì, ó sì kó àpò ìṣúra ìjọ lọ sọ́dọ̀ wọn. Láti orí ìyẹn ni ọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, 26 oṣù Kẹrin 1478, nínú kàtídírà Florence, nígbà tí Mísà ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀gágun tí wọ́n kọ́kọ́ yan láti pa Lorenzo, Montesecco lorúkọ rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Àlùfáà méjì ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún! Ẹ fojú inú wò ó: ológun bẹ̀rù ilé Ọlọ́run, àlùfáà kò bẹ̀rù. Giuliano, àbúrò Lorenzo, kú síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ mọ́kàndínlógún. Lorenzo fara gbọgbẹ́ lọ́rùn, ó sá wọ yàrá ìwọṣọ àwọn àlùfáà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn idẹ mọ́ àwọn apànìyàn lójú. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n so Salviati, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Pisa, kọ́ láti ojú fèrèsé ààfin ìjọba tòun taṣọ oyè, torí ó wà nínú ọ̀tẹ̀ náà. Póòpù yọ Lorenzo lẹ́gbẹ́, ó ti ilé ìjọsìn pa fún gbogbo Florence, ó sì gbé ogun dìde. Montesecco jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí pé Póòpù ní òun fẹ́ kí ìjọba Florence yí padà, àmọ́ òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Kí oníkálukú fi ìyẹn rò ó.

Mo gbà pé ọjọ́ yẹn ló kọ́ Lorenzo pé kí èèyàn jẹ́ báǹkì Póòpù kò tó. Bí àpò bá kúrò lọ́wọ́ rẹ, o ti di aláìní baba. Ó yẹ kí ọmọ inú ilé rẹ wà lára àwọn tó ń yan Póòpù.

Ọmọ Ìtàn

Bàbá, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn gan-an. Ẹ má sì gbàgbé pé Giuliano tí wọ́n pa yẹn ní ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìyàwó ilé. Giulio lorúkọ ọmọ náà. Lorenzo mú un sọ́dọ̀, ó tọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Giulio ló padà di Clement VII. Ọmọ ẹni tí wọ́n pa nídìí Mísà ni.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba

Leo X ni tèmi o, kò sí ẹni tó máa yí mi lọ́kàn padà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e débẹ̀. Lorenzo fi Maddalena, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fún Franceschetto, ọmọ tí Póòpù Innocent VIII bí. Ní 1489, Póòpù yìí kan náà fi Giovanni ọmọ Lorenzo, ẹni tó padà di Leo X, jẹ Kádínà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan Póòpù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Wọ́n ní kí wọ́n fi bò fún ọdún mẹ́ta, torí ojú tì wọ́n. Nígbà tí ọmọ náà wá ń lọ sí Róòmù ní 1492, Lorenzo kọ lẹ́tà sí i pé kó ṣọ́ra, pé ìlú tó ń lọ yẹn ni gbogbo ìwà ibi ti ń ṣàn pàdé. Bàbá mọ̀ o, ó sì rán ọmọ lọ.

Nígbà tí wọ́n yàn án ní Póòpù ní oṣù Kẹta 1513, kò tíì jẹ́ àlùfáà. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà lọ́jọ́ 15, bíṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 17, wọ́n dé e ládé lọ́jọ́ 19. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí omi. Ọba Pọtogí fi erin ránṣẹ́ sí i ní 1514, Hanno lorúkọ rẹ̀. Ó gbógun ti Urbino kó lè fi ìlú náà jẹ Lorenzo kékeré, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lé ilé della Rovere kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ààfin Urbino yìí kan náà ló gba Giuliano àbúrò Leo sọ́dọ̀ lẹ́yìn tí Florence lé Medici jáde ní 1494. Ní 1517, ó ní àwọn Kádínà kan fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Wọ́n fún Kádínà Petrucci lọ́rùn pa nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn yòókù san owó ìtanràn ńláńlá, Leo sì yan Kádínà tuntun mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tó burú jù ni ti ìwé ìdáríjì, ìwé tí wọ́n ń tà pé ó ń dín ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù. Albrecht ti Brandenburg fẹ́ di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Mainz, bẹ́ẹ̀ ó ti ní oyè méjì mìíràn lọ́wọ́. Ó yá owó lọ́dọ̀ báǹkì Fugger láti san ti Róòmù. Leo ní kí wọ́n máa ta ìwé ìdáríjì ní agbègbè rẹ̀: ìdajì owó fún kíkọ́ ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́, ìdajì fún gbèsè Fugger. Tálákà tó ń ra ìwé nítorí bàbá rẹ̀ tó ti kú kò mọ̀ pé gbèsè bíṣọ́ọ̀bù lòun ń bá wọn san. Ní òpin oṣù Kẹwàá 1517, Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, kọ̀wé tako títa ìdáríjì yìí. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, èwo ló tún ju ìyẹn lọ?

Bàbá Kátíkíìsì

Ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lo sọ, mi ò ní bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ torí pé ìjọ mi ni. Ṣùgbọ́n Julius II, ará ilé della Rovere, ló fi òkúta ìpìlẹ̀ Pétérù Mímọ́ lélẹ̀ ní 1506, òun ló sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìdáríjì wá owó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi owó gba oyè sì ti pẹ́ kí wọ́n tó bí Leo. Ohun tí mo dá a lẹ́bi fún ni pé iná ti ń jó ní Jámánì, ó kàn rò pé ariwo àwọn àlùfáà lásán ni. Ọdún 1520 ló tó kọ ìwé ìkìlọ̀, Luther sì dáná sun ìwé náà ní gbangba ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ní oṣù Kìíní 1521 ni wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Kí oṣù Kejìlá tó ní ọjọ́ méjì, Leo ti kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún ìjọ.

Ọmọ Ìtàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. N kò ní jiyàn lórí ti Leo. Àmọ́ Leo ṣe tirẹ̀ láìnáání, Clement mọ ohun tó ń ṣe.

Clement gun àga ní 1523. Ó ń yí láàárín ọba Faransé àti Charles V, ẹni tó jọba lé Spéìn àti Jámánì lórí. Òní ó wà lọ́dọ̀ ti ibí, ọ̀la ó wà lọ́dọ̀ ti ọ̀hún. Ní 6 oṣù Karùn-ún 1527, ogun Charles ya wọ Róòmù. Oṣù bíi mélòó ni wọn kò ti san owó oṣù fún wọn, púpọ̀ nínú àwọn ará Jámánì inú wọn sì jẹ́ ọmọlẹ́yìn Luther. Nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Póòpù tó wá láti Switzerland, tí iye wọn jẹ́ 189, 147 kú. Àwọn 42 yòókù ló mú Póòpù gba ọ̀nà orí odi tó lọ sí ilé olódi Sant'Angelo. Paolo Giovio, òǹkọ̀wé tó wà pẹ̀lú rẹ̀, bọ́ agbádá aláwọ̀ àlùkò rẹ̀, ó fi bo Póòpù, kí aṣọ funfun rẹ̀ má baà jẹ́ kí àwọn oníbọn ìsàlẹ̀ dá a mọ̀. Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún yìí náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun máa ń búra títí di àkókò tiwa yìí.

Bí Florence ṣe gbọ́ pé Póòpù ti wà ní àhámọ́, wọ́n lé Medici jáde, wọ́n sọ ìlú di ti aráàlú padà.

Ibi tí ọkàn mi ti bàjẹ́ sí Clement nìyí. Ní 1529, ó bá Charles ṣe àdéhùn ní Barcelona, Charles tí ogun rẹ̀ kó Róòmù, tó fi ìfipábánilòpọ̀ àti ìpakúpa ba ìlú Póòpù jẹ́. Ara àdéhùn náà ni pé kí Charles dá Florence padà fún Medici. Ọmọba Orange, ẹni tó darí ogun tó wà ní Róòmù lẹ́yìn tí ọ̀gá wọn kú, òun gan-an ló kó ogun lọ dó ti Florence láti oṣù Kẹwàá 1529. Michelangelo, tó ń gbẹ́ ère ibojì fún ìdílé Medici, fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń mọ odi lórí òkè San Miniato láti dáàbò bo ìlú rẹ̀. Ebi àti àjàkálẹ̀ àrùn pa àwọn ènìyàn inú ìlú. Nígbà tí ìyẹn ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù Kejì 1530, Clement dé Charles ládé ní Bologna. Ní oṣù Kẹjọ, Florence tú ọwọ́. Ní 1532, Alessandro de' Medici di Dúùkù, ìjọba aráàlú tán.

Póòpù ni, ó sì jẹ́ kí ebi pa ìlú tí wọ́n bí i sí títí wọ́n fi gba ọmọ ilé rẹ̀ lọ́ba. Ìdí nìyí tí mo fi mú un ṣáájú Leo.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba

Ó mà burú o. Fún àwa tí wọ́n tọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, ohun kan tún kàn wá níbẹ̀. Ọdún 1527 yẹn kan náà ni Henry VIII bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Clement kó tú ìgbéyàwó òun àti Catherine ti Aragon ká. Catherine sì jẹ́ àbúrò ìyá Charles. Ẹni tí Charles ká mọ́ inú ilé olódi, báwo ni yóò ṣe ṣe ìyẹn? Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó mú kí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yapa, ìjọ tó rán Townsend dé Badagry ní 1842.

Oníṣòwò Dúgbẹ̀

Alessandro tí Ọmọ Ìtàn dárúkọ yìí, ṣé òótọ́ ni pé aláwọ̀ dúdú ni? Mo rí àwòrán kan tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́bìnrin nínú ilé Medici, wọ́n ń pè é ní Simonetta. Àwọn òpìtàn kan gbà pé ìran Áfíríkà ni, àwọn mìíràn kò gbà, àríyànjiyàn náà kò tíì tán. Bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní Lorenzo tó jẹ Dúùkù Urbino ni, ọ̀pọ̀ sì gbà pé Clement gan-an ni. Lorenzino, ìbátan rẹ̀, ló pa á ní oṣù Kìíní 1537.

Ọmọ Áfíríkà tí kò sí iyèméjì lórí tirẹ̀ ni al-Hasan al-Wazzan, ọ̀mọ̀wé tó dàgbà ní Fez, tó ti rìn dé Timbuktu àti Gao. Àwọn olè ojú omi mú un ní 1518, wọ́n fi í ta Leo X lọ́rẹ. Leo ṣe ìrìbọmi fún un ní 1520, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀ sọ ọ́: Giovanni Leone de' Medici. Ìwé tó kọ nípa ilẹ̀ Áfíríkà jáde ní Venice ní 1550, ó sì pẹ́ gan-an tí àwọn ará Yúróòpù kò fi ní ìwé tó ju ìyẹn lọ nípa ilẹ̀ Mali àti Songhai. Ọdún 1518 yẹn náà ni Leo gbà kí Henrique, ọmọ ọba Kongo, di bíṣọ́ọ̀bù. Kò yẹ ká kà á tán láìdárúkọ àwọn méjèèjì.

Oníṣòwò Dúgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ ṣeun púpọ̀. Póòpù mélòó ni gbogbo wọn wá jẹ́? Ibì kan sọ pé mẹ́ta, ibòmíràn ní mẹ́rin.

Bàbá Kátíkíìsì

Mẹ́ta ló tinú ilé Florence jáde: Leo X, Clement VII, àti Leo XI tí wọ́n yàn lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1605, tó sì kú kí oṣù náà tó parí. Ẹni kẹrin, Pius IV, ará Milan ni. Medici ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ yàtọ̀. Cosimo, Dúùkù Florence, ló fún un láyè láti lo àmì ilé wọn nígbà tó rí i pé yóò ṣe òun láǹfààní. Pius IV yìí ló parí ìpàdé Trent ní 1563, ìpàdé tó tún ìjọ ṣe, nítorí náà ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Ọmọ Ìtàn, mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ. N kò ní gbèjà Clement lórí ti Florence. Ṣùgbọ́n wo àga náà fúnra rẹ̀. Ọba ni Póòpù ayé ìgbà náà, ó ní ilẹ̀, ó ní ogun, ó ń gba owó orí, àmọ́ kò ní àrólé. Ọjọ́ tó bá kú, ọ̀tá rẹ̀ lè gorí àga lọ́la. Gbogbo wọn ló wá ń sáré kí ilé wọn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Sixtus ṣe é fún Riario. Alexander VI ṣe é fún Cesare Borgia ọmọ rẹ̀. Paul III, ará ilé Farnese, gé Parma kúrò lára ilẹ̀ ìjọ fún ọmọ tirẹ̀ ní 1545. Ọdún 1692 ni Innocent XII tó fòfin dè é pé kí Póòpù má fi ilẹ̀ tàbí owó ìjọ ta ìbátan rẹ̀ lọ́rẹ mọ́.

Ọmọ Ìtàn

Bàbá, mo gba ti àga tí kò ní àrólé, ó tilẹ̀ là mí lójú sí ti Leo. Síbẹ̀, Riario, Borgia àti Farnese gba ilẹ̀ tí ìjọ ní tàbí tí wọ́n fi owó rà. Florence kì í ṣe ti ìjọ. Ìlú tó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ni, ó ti lé ìdílé náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ní 1494 àti 1527, torí náà ohun tí aráàlú fẹ́ hàn kedere. Ní 1512 pàápàá, ogun Spéìn ló dá wọn padà lẹ́yìn tó ti pa àwọn ará Prato ní ìpakúpa, Giovanni tó máa di Leo X sì wà pẹ̀lú ogun náà gẹ́gẹ́ bí aṣojú Póòpù.

Ti Farnese tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, mo rò pé ó tó ìjíròrò tirẹ̀. Paul III yẹn kan náà ló pe ìpàdé Trent, nínú ọdún tó fi Parma fún ọmọ rẹ̀ gan-an ni ìpàdé náà sì bẹ̀rẹ̀. Bàbá, bí ẹ bá ṣí i, èmi yóò bá yín dá sí i.